Ọmọ Ọdún Mẹ́tàlá, Fóònù, àti Àlejò Tí A Kò Mọ̀

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ìbàdàn ni mo ń gbé, ọmọ mẹ́ta ni mo bí. Èyí àgbà jẹ́ obìnrin, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún 13, ó sì wà ní JSS3. Ògbólógbòó fóònù mi ni a fún un, nítorí pé orí WhatsApp ni àwọn olùkọ́ rẹ̀ máa ń fi iṣẹ́ àṣetiléwá sí. Ní ọjọ́ Àìkú tó kọjá, mo rí i pé ẹnì kan tó pe ara rẹ̀ ní ọmọkùnrin ọmọ ọdún 16 láti Ìlọrin ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Inú gúrúùpù kan tí wọ́n ti ń kọ́ ara wọn ní ìṣirò ni ó ti mú nọ́ńbà rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ó di ìyìn, ó di “má sọ fún màmá ẹ,” ó wá di pé kí ó ya fọ́tò ara rẹ̀ tí ẹlòmíràn kò ní í rí. Kò tíì fi fọ́tò kankan ránṣẹ́. Ọkọ mi ní òun yóò fọ́ fóònù náà mọ́lẹ̀, òun yóò sì na ọmọ náà. Ìyá ọkọ mi ní àwa la fi owó ara wa ra wàhálà wọlé. Ẹ̀yin òbí àti olùkọ́, kí ni kí n ṣe báyìí, kí sì ni ó yẹ kí n ti kọ́ ọmọ yìí tẹ́lẹ̀?

* * *

Ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ ṣe

Ẹ má ṣe jẹ́ kí bàbá fọ́ fóònù náà. Inú rẹ̀ ni ẹ̀rí wà: nọ́ńbà ẹni náà, ọjọ́ tó kọ́kọ́ kọ̀wé, orúkọ gúrúùpù tó ti mú ọmọ yín, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó fi ń fà á mọ́ra díẹ̀díẹ̀. Bí fóònù bá fọ́, ẹni náà wà níbi tó wà, yóò sì lọ bá ọmọ ẹlòmíràn nínú gúrúùpù kan náà. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ dé òpin, kí nọ́ńbà náà hàn dáadáa, kí ẹ sì tọ́jú rẹ̀ sórí fóònù tiyín. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó fẹjọ́ rẹ̀ sun WhatsApp láti inú ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà, kí ẹ sì dí i lọ́nà. Ẹ má ṣe bú u, ẹ má sì ṣe díbọ́n pé ẹ̀yin ni ọmọ náà láti fi mú un. Àwọn kan ti dá ìyẹn lábàá níbí, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọlọ́pàá nìyẹn. Bí ẹni náà bá fura, yóò pa ohun gbogbo rẹ́.

Ẹ sì sọ fún olùkọ́ tàbí ẹni tó dá gúrúùpù ìṣirò náà sílẹ̀ lónìí. Nọ́ńbà ọmọ yín nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀.

Ní ti ọmọ náà fúnra rẹ̀, ẹ wo ohun tí ẹ̀yin fúnra yín kọ: kò tíì fi fọ́tò kankan ránṣẹ́. Ẹnì kan tó mọ iṣẹ́ ẹ̀tàn rẹ̀ dáadáa ni ó dojú kọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ọmọ ọdún 13 sì dúró. Ẹ yìn ín fún ìyẹn kí ẹ tó sọ ohunkóhun mìíràn. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bi í léèrè ohun tí ẹni náà ń sọ tó fi gbọ́kàn lé e, àti ohun tó mú kí ó ṣòro fún un láti wá sọ fún yín. Kí ẹ dákẹ́ kí ó dáhùn. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀rù pé bàbá yóò na òun ni ó fi pa ẹnu mọ́, a jẹ́ pé ìjókòó wà fún ẹ̀yin àti bàbá, nítorí pé ẹ̀rù yẹn gan-an ni àlejò yẹn gbójú lé.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama ní ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà. Nínú gbogbo ohun tí mo ń bá wọn sọ, kò sí èyí tó wúlò tó ìlérí kan láti ẹnu òbí wọn: pé ohun yòówù tó bá ṣẹlẹ̀ lórí fóònù, bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá sọ ọ́, a kò ní í nà án, a kò sì ní í gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí pé ó sọ ọ́. Òbí gbọ́dọ̀ ṣe ìlérí yìí kí ọ̀rọ̀ tó bẹ́ sílẹ̀, kí ó sì mú un ṣẹ ní ọjọ́ tó bá bẹ́ sílẹ̀.

* * *

Sí àwọn tó ní kí a gba fóònù pátápátá

Mo ti ka èsì yín. Àwọn kan ní kí a gba fóònù títí ọmọ yóò fi wọ yunifásítì. Àwọn kan ní kí a fi áàpù ìṣọ́ sórí rẹ̀, kí a sì máa sùn. Àwọn mìíràn sì ní bí a bá ti kọ́ ọmọ ní ìbẹ̀rù Ọlọ́run, kò sí ewu. Ohun tí ó dára wà nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó dáhùn ohun tí ìyá yìí bèèrè.

Fóònù tí ẹ gbà nílé kò parẹ́ ní ayé ọmọ náà. Ó wà lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní kíláàsì, ó wà lọ́wọ́ ọmọ àbúrò yín tó wá lo ìsinmi, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń gba agbára sí fóònù ní òpópónà. Ọmọ tí a gba fóònù rẹ̀ lè ṣí àkáùǹtì sórí fóònù ọ̀rẹ́, níbi tí òbí kankan kò ti lè rí i, bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀ṣẹ̀ méjì ni yóò ní láti jẹ́wọ́ dípò ẹyọ kan. Mo gbà pẹ̀lú yín pé ọmọ ọdún 8 tàbí 9 kò nílò fóònù tirẹ̀. Fóònù ilé, tó ń wà ní pálọ̀, tí kì í wọ yàrá lálẹ́, ti tó fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sórí WhatsApp kọ́ ni a ó bá wí pé ó ní fóònù.

Ẹ̀yin tó mẹ́nu ba òfin Australia, pé ìjọba ibẹ̀ náà ti gbà á lọ́wọ́ ọmọ, jàre ní apá kan. Láti ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025 ni òfin ibẹ̀ ti ní kí àwọn ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ńlá má ṣe jẹ́ kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ní àkáùǹtì. Àmọ́ àwọn iléeṣẹ́ ni òfin náà ń bá wí, kò dojú kọ òbí àti ọmọ, WhatsApp kò sì sí lára àwọn tó kàn. Níbí, ọdún 13 ni ọmọ gbọ́dọ̀ pé kí ó tó dá ní àkáùǹtì WhatsApp tàbí TikTok gẹ́gẹ́ bí àwọn iléeṣẹ́ náà ṣe là á kalẹ̀, a sì mọ iye ọmọ ọdún 10 tó wà lórí méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí yìí ní ibi kan tí òbí kì í wò. TikTok kì í gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 láàyè láti gba ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ rárá. Láti ọdún 2024 ni Instagram sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi àwọn ọ̀dọ́ sí àkáùǹtì tí àlejò kò lè wọ̀ wẹ́rẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá kọ ọ́ pé ọdún 1999 ni wọ́n bí òun, àgbàlagbà ni ìkànnì náà yóò máa pè é, gbogbo ààbò wọ̀nyẹn kò sì ní í kàn án. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni ó jẹ́ pé òbí tàbí ẹ̀gbọ́n ni ó bá a kọ ọdún yẹn nígbà tí wọ́n ń ṣí àkáùǹtì. Ẹ lọ wò ó lálẹ́ òní.

* * *

Ẹnì kan kọ̀wé pé ọ̀rọ̀ ọmọbìnrin ni gbogbo èyí, pé ọkùnrin mẹ́ta ni òun bí, òun kò ní ohun tí òun ń bẹ̀rù

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, ọmọkùnrin ọmọ ọdún 17 kan ní ìlú Marquette, ní ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà, gba ọ̀rọ̀ lórí Instagram láti ọ̀dọ̀ ẹni tó rò pé ọmọbìnrin ni. Wọ́n sọ̀rọ̀ díẹ̀, “ọmọbìnrin” náà bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi àwòrán ìhòhò ránṣẹ́, ó sì fi í ránṣẹ́. Lójú ẹsẹ̀ ni ohùn yí padà: kí ó san owó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, gbogbo ẹbí àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò rí i. Ó san ohun tó ní lọ́wọ́, wọ́n ní kò tó. Láàárín wákàtí mẹ́fà sí ìgbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀, ọmọ náà ti gba ẹ̀mí ara rẹ̀.

Èkó ni àwọn tó wà ní ìdí ọ̀rọ̀ náà jókòó sí. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni wọ́n, Samuel àti Samson Ogoshi. Wọ́n kó wọn lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 2023, ilé-ẹjọ́ sì rán ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 17 àti oṣù mẹ́fà ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024. Ní oṣù Keje ọdún kan náà, Meta, iléeṣẹ́ tó ni Facebook àti Instagram, kéde pé òun ti pa àkáùǹtì Instagram tó tó 63,000 rẹ́ ní Nàìjíríà, àwọn tó ń gbìyànjú láti fi àwòrán ìhòhò halẹ̀ gba owó.

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo òbí rí níbẹ̀ ni bí ó ṣe yá tó. Wákàtí mẹ́fà kò tó kí òbí ti ibi iṣẹ́ dé. Áàpù ìṣọ́ kankan kì bá tí dá a dúró. Ohun tó lè dá a dúró ni kí ọmọ náà mọ̀, kí ó tó di ọjọ́ náà, pé ohun kan báyìí wà. Pé bí ẹni náà bá ní kí ó san owó, kí ó má san, nítorí pé ẹni tó bá san lẹ́ẹ̀kan ni wọ́n máa ń padà tọ̀. Àti pé kí ó gbé fóònù náà wá bá bàbá tàbí ìyá rẹ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti ṣú, bí ó ti wù kí àwòrán náà tini lójú tó. Ẹ sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọkùnrin yín. Ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí.

Bí àwòrán bá ti jáde ńkọ́? Ọ̀nà wà. Àjọ NCMEC, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ tó sọnù àti ọmọ tí wọ́n ń lò nílòkulò ní Amẹ́ríkà, ní ètò kan tí wọ́n ń pè ní Take It Down, ọ̀fẹ́ ni, ọmọ orílẹ̀-èdè yòówù sì lè lò ó láìsọ orúkọ. Ó wà fún àwòrán ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 nígbà tí wọ́n yà á. Ẹ ó mú àwòrán náà láti inú fóònù, ètò náà yóò ṣe àmì ìdánimọ̀ kan fún un, àmì náà nìkan ni yóò sì lọ sọ́dọ̀ àwọn iléeṣẹ́ bíi Facebook, Instagram, TikTok àti Snapchat kí wọ́n lè dá àwòrán náà mọ̀, kí wọ́n sì yọ ọ́. Àwòrán fúnra rẹ̀ kò kúrò lórí fóònù yín. Kò lè ṣiṣẹ́ lórí ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn lórí WhatsApp, nítorí pé iléeṣẹ́ náà kò lè rí inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dí ọ̀pọ̀ ọ̀nà mìíràn.

Àwọn òbí mìíràn, nínú ìpayà, máa ń fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí àbúrò wọn, sí pásítọ̀ tàbí àlùfáà, tàbí sí gúrúùpù ẹbí láti bèèrè ìmọ̀ràn. Ẹ má ṣe é láé. Títan àwòrán ìhòhò ọmọdé ká jẹ́ ọ̀ràn lábẹ́ òfin, ó sì ń fi ìtìjú kún ìtìjú ọmọ náà.

* * *

Lórí kíka ọ̀rọ̀ ọmọ ní ìkọ̀kọ̀

Bàbá kan láti Èkó sọ pé òun máa ń jí fóònù ọmọkùnrin òun wò lóru, ọmọ náà kò sì mọ̀, pé òun ni òun ń san owó dátà. Èmi àti bàbá yìí kò lè fẹnu kò. Kì í ṣe pé mo ní òbí kò gbọdọ̀ wo fóònù ọmọ. Ọmọ ọdún 11 tí òbí rẹ̀ kò wo fóònù rẹ̀ rí wà nínú ewu. Ohun tí mo lòdì sí ni pé kí ó jẹ́ ní ìkọ̀kọ̀.

Bí ọmọ bá mọ̀ láti ọjọ́ tí a fún un ní fóònù pé a ó jọ máa wò ó ní alẹ́ Sátidé, pé màmá tàbí bàbá yóò bi í pé “ta nìyí, níbo lẹ ti mọra,” kò sí ìwà ọ̀dàlẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá já a pé bàbá ń yọ́ wò ó lóru, ohun tí yóò kọ́ ni bí a ti ń pa ọ̀rọ̀ rẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, bí a ti ń tì áàpù pa, bí a ti ń ní àkáùǹtì kejì. Àwọn ọmọ tí mo ń kọ́ mọ gbogbo rẹ̀ ju àwa lọ. Àti pé bàbá tó rí ohun tó burú lóru kò ní lè sọ ọ́ ní òwúrọ̀ láìfi ara rẹ̀ hàn, nítorí náà yóò dákẹ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi bọ́ sórí.

Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, kí wíwò náà máa dín kù. Ọmọ ọdún 17 tí a ṣì ń ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ kò tíì kọ́ bí a ti ń ṣọ́ ara ẹni, bẹ́ẹ̀ ó kù díẹ̀ kí ó wọ yunifásítì tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í wà níbẹ̀ láti bá a kà á.

Ní ti áàpù ìṣọ́, Family Link tí Google ṣe wúlò fún ọmọ kékeré: ẹ lè fọwọ́ sí áàpù kí ó tó wọlé, ẹ sì lè tì fóònù náà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ṣùgbọ́n kì í ka ọ̀rọ̀ WhatsApp fún yín, kò sì lè sọ ẹni tí ọmọ ń bá sọ̀rọ̀.

* * *

Ẹ̀yin òbí tí ẹ ń gbé fọ́tò ọmọ sí ojú òde

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí èyí, ó ń dùn mí. Fọ́tò ọmọ nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́, báàjì ilé-ẹ̀kọ́ hàn gbangba, orúkọ rẹ̀ ní kíkún, ọjọ́ ìbí rẹ̀, “my first born is 10 today,” àti ibi tí ilé wà. Ẹni tí kò tíì rí ọmọ náà rí ti mọ orúkọ rẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ àti oríkì tí bàbá rẹ̀ ń pè é. Bí ó bá dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ tó sọ pé “màmá ẹ ní kí n wá mú ẹ,” kí ni ọmọ yóò fi mọ̀ pé irọ́ ni? Àwọn òbí kan ní ọ̀rọ̀ àṣírí kan nínú ilé, tí ẹni tí a bá rán wá mú ọmọ gbọ́dọ̀ sọ kí ọmọ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ní tiyín, ẹ má sì kọ ọ́ sórí fóònù kankan.

Ẹni tó ní èèyàn kò lè máa bẹ̀rù títí kí ó má lè fi ọmọ rẹ̀ yangàn, mo gbọ́ yín. Ẹ fi yangàn níwájú àwọn tó mọ̀ yín. Lórí WhatsApp, ẹ lè yan àwọn tí yóò rí ohun tí ẹ bá gbé sí Status yín. Ẹ wọ ibi ìpamọ́ àṣírí nínú rẹ̀, kí ó jẹ́ pé àwọn tí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù nìkan ni yóò lè rí fọ́tò ojú àkáùǹtì, kí ó sì jẹ́ pé àwọn nìkan ni yóò lè fi ọmọ sínú gúrúùpù. Ètò kékeré kejì yìí ni kì bá tí jẹ́ kí àlejò máa fa ọmọ sínú gúrúùpù tí kò mọ̀.

* * *

Láti Lọ́ńdọ̀nù

Ìyá kan tó ń gbé ní Peckham kọ̀wé pé ìjọba ti ń bá àwọn ṣe é níbẹ̀, pé láti oṣù Keje ọdún 2025 ni òfin ti mú àwọn ìkànnì lọ́ranyàn láti dáàbò bo ọmọdé, nítorí náà Roblox, eré orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ọmọ òun ọdún 9 ń gbá, kò kọ òun lóminú.

Lóòótọ́ ni òfin wà, lóòótọ́ sì ni pé láti ìparí ọdún 2024 ni Roblox ti ní kí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13 má lè fi ọ̀rọ̀ ìkọ̀kọ̀ ránṣẹ́ lẹ́yìn òde eré láìjẹ́ pé òbí yọ̀ǹda. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ ṣe ọmọ ní ibi kì í dúró síbi tí ìṣọ́ wà. Yóò fún ọmọ ní ẹ̀bùn nínú eré, yóò bá a jà borí, lẹ́yìn náà ni yóò ní “jẹ́ ká lọ máa sọ̀rọ̀ ní ibòmíràn,” lórí Discord, Snapchat tàbí WhatsApp. Gbólóhùn yẹn gan-an ni kí ẹ kọ́ ọmọ ọdún 9 náà láti dá mọ̀. Kò nílò kí ó mọ ohun tí ẹni burúkú fẹ́ ṣe. Ọjọ́ orí rẹ̀ kò tó ìyẹn. Ó tó kí ó mọ̀ pé ẹnikẹ́ni tó bá ní kí a kúrò níbi tí a ti pàdé, tàbí tó bá ní kí òun má sọ fún ẹnikẹ́ni, màmá ni òun yóò sáré lọ sọ fún.

Ìwà “má sọ fún màmá ẹ” kan náà ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ tí ìyá Ìbàdàn bá lórí fóònù ọmọ rẹ̀.

* * *

Àwọn ọ̀dọ́ ọdún 16 sí 18: ẹ̀tàn tiwọn yàtọ̀

Ní àsìkò WAEC àti JAMB, orí Telegram àti WhatsApp máa ń kún fún àwọn tó ní àwọn ní ìbéèrè àti ìdáhùn ìdánwò lọ́wọ́. Ọmọ yóò san owó, wọn yóò ní kí ó fi kún un, wọn yóò gba ìsọfúnni àkáùǹtì JAMB rẹ̀, ọ̀pọ̀ kò sì ní í rí nǹkankan gbà. Ẹnikẹ́ni nínú wọn kì í lè fẹjọ́ sùn nílé, nítorí pé òun náà fẹ́ ṣe màgòmágó. Ṣé ẹ rí i bí ìdákẹ́ ṣe ń ṣiṣẹ́ fún gbájú-ẹ̀? Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé a ó bá wọn wí lórí màgòmágó náà, ṣùgbọ́n a kò ní í fi wọ́n sílẹ̀ fún olè.

Ẹ kọ́ wọn pẹ̀lú pé kóòdù oní nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp bá fi ránṣẹ́ sórí síìmù wọn, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ wọn, ì báà jẹ́ ohùn ọ̀rẹ́ wọn ni ó ń bèèrè rẹ̀. Ẹni tó bá gbà á ti gba àkáùǹtì náà nìyẹn, yóò sì máa fi orúkọ ọmọ yín tọrọ owó lọ́wọ́ ẹbí.

Ìpàdé lójúkojú ni ó burú jù. Ní ọdún 2012, ọmọbìnrin kan tó ń kẹ́kọ̀ọ́ gboyè kejì ní yunifásítì, tó sì ń ta aṣọ, wá sí Èkó láti bá àwọn tó mọ̀ lórí Facebook ṣe òwò. Òtẹ́ẹ̀lì kan ní FESTAC ni wọ́n pa á sí. Àgbàlagbà ni, kì í ṣe òmùgọ̀. Àwọn tó pa á fi sùúrù kọ́ ìgbẹ́kẹ̀lé rẹ̀ ni. Bí ọ̀dọ́ yín bá gbọdọ̀ pàdé ẹni tó mọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó jẹ́ ní ọ̀sán, ní ibi tí èrò wà, kí àgbàlagbà kan tí ẹ̀yin mọ̀ sì bá a lọ. Ẹni tó bá ní kí ó dá wá, kí ó má lọ rárá.

* * *

Bàbá kan bi mí ìdí tí mo fi mẹ́nu ba àwọn ọmọ Èkó tó wà ní ẹ̀wọ̀n Amẹ́ríkà, pé mo ń ba orúkọ wa jẹ́

Àwọn náà jẹ́ ọmọ ẹnì kan, bàbá, ìdí tí mo fi mẹ́nu bà á nìyẹn. Bí a bá ń kọ́ ọmọkùnrin wa kí wọ́n má bàa ṣe é ní ibi, a gbọ́dọ̀ kọ́ ọ kí òun náà má ṣe ẹlòmíràn ní ibi. Ọmọ ọdún 15 tó ń wo ẹ̀gbọ́n àdúgbò tó ra mọ́tò láìṣiṣẹ́, tí ẹnì kankan nínú ilé kò bá sọ òótọ́ ibi tí owó náà ti wá, yóò rò pé ọgbọ́n ni. Ó máa ń bẹ̀rẹ̀ ní kékeré: fífi fọ́tò ọmọbìnrin ẹlòmíràn ṣe àkáùǹtì láti fi ṣeré, títan àwòrán ọmọ kíláàsì ká gúrúùpù láti fi ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ti rí ọmọbìnrin tó kọ̀ láti wá sí ilé-ẹ̀kọ́ nítorí irú “eré” bẹ́ẹ̀. Ẹ bi ọmọkùnrin yín léèrè ohun tí ó máa ṣe bí wọ́n bá fi irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sínú gúrúùpù tí ó wà. Ìdáhùn tó dára ni pé òun kò ní í fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, pé òun yóò sọ fún àgbàlagbà.

Òfin ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì tí Nàìjíríà ṣe ní ọdún 2015 wà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tí kò tíì pé ọdún 18 ni ọmọdé lábẹ́ ẹ̀ka kẹtàlélógún rẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ń bẹ fún ẹni tó bá ṣe àwòrán ìṣekúṣe ọmọdé, ẹni tó bá tàn án ká, ẹni tó bá tọ́jú rẹ̀ sórí ẹ̀rọ, àti ẹni tó bá ń fi íntánẹ́ẹ̀tì tan ọmọdé láti bá a lò pọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọkùnrin yín mọ̀ pé títọ́jú rẹ̀ lásán nìkan ti tó ọ̀ràn.

* * *

Ibi tí ẹ lè mú ẹjọ́ lọ

Ìyá Ìbàdàn tún padà wá bèèrè bóyá kí àwọn lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, pé ọkọ òun ń bẹ̀rù àbùkù. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ mú àwọn àwòrán ojú fóònù náà dání, kí ẹ sì bèèrè fún ẹ̀ka tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ilé-iṣẹ́ ọlọ́pàá orílẹ̀-èdè ní ẹ̀ka tó wà fún ìwà ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú. Àjọ NAPTIP, tó ń gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ní nọ́ńbà kúkúrú 627. Ẹni tó bá wà ní Èkó lè pe àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ìwà ipá àti ìfìbálòpọ̀-fìyàjẹni lórí 08000333333, ọ̀fẹ́ ni. Inú mi dùn pé bàbá kò tíì na ọmọ náà, pé wọ́n ti jókòó bá a sọ̀rọ̀. Kí fóònù náà padà sí ọwọ́ rẹ̀ fún iṣẹ́ ilé-ẹ̀kọ́, ní pálọ̀, pẹ̀lú àwọn ètò tuntun tí ẹ ti jọ ṣe sí i. Kí ó rí i pé òun sọ òtítọ́, òun kò sì pàdánù.

* * *

Ìbéèrè tó gbẹ̀yìn: ìyá àgbà tí kò mọ fóònù lò

Ẹnì kan ní ọ̀dọ̀ ìyá òun ní Ìsẹ́yìn ni àwọn ọmọ òun wà, pé òun àti ọkọ òun wà ní Èkó, ìyá kò sì mọ̀ ju kí ó gbé ìpè lọ. Irú ilé báyìí pọ̀, wọn kì í sì í fi í sí ọkàn nígbà tí a bá ń sọ nípa áàpù àti ètò.

Ìyá àgbà kò nílò kí ó mọ TikTok. Ó mọ èèyàn. Kí ẹ̀yin fúnra yín ṣe ètò fóònù náà nígbà tí ẹ bá lọ sílé, kí ẹ sì gbà pẹ̀lú ìyá lórí nǹkan mẹ́ta péré: kí fóònù máa sùn sí yàrá ìyá, kí ìyá máa bèèrè orúkọ ẹni tí ọmọ ń bá sọ̀rọ̀ àti ibi tí wọ́n ti mọra, kí ó sì pè yín lọ́jọ́ tí ojú ọmọ bá yí padà, tí kò jẹun tàbí tí ó ń gbé fóònù sá. Ẹ̀yin ẹ̀wẹ̀, ẹ máa fi fídíò pe àwọn ọmọ ní àkókò tí wọ́n mọ̀, ẹ sì máa bá ọ̀kọ̀ọ̀kan sọ̀rọ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ̀gbọ́n má bàa wà nítòsí nígbà tí àbúrò bá ní ohun tó fẹ́ sọ. Kí àbúrò yín tó ń gbé ní ìlú náà, tó mọ fóònù lò, jẹ́ ẹnì kejì tí wọ́n lè sá tọ̀. Ẹ sọ orúkọ rẹ̀ fún wọn, kí wọ́n sì kọ́ nọ́ńbà rẹ̀ sórí.